Ẹ̀rọ Abẹ́ Ẹní

Sàlíhà ra ẹ̀rọ tuntun lóṣù kejì ọdún, ó fi ẹní bò ó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó fún oṣù márùn-ún ààbọ̀, torí pé ìwé ìjọba kò tíì jáde.

"Ẹ rọra o! Ẹ má jẹ́ kó kan ògiri!" Bó ṣe ń pariwo mọ́ àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ń ti ẹ̀rọ náà gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé nìyẹn, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé. Ó wúwo bí akọ màlúù. Irin méjì tó rí róbótó ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Tí iná bá dé wọn, wọn á máa yí, wọn á máa tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò títí yóò fi jọ̀lọ̀. Rólà ni àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń pè é. Ẹni tí kò bá ní rólà ní Kumasi, kó yáa lọ máa ta nǹkan mìíràn.

Yaa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń wò wọ́n. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí nílé búrẹ́dì Sàlíhà ní àdúgbò Krofrom, ìdí rólà sì ni ibùdúró rẹ̀. Ọmọ Asante ni, àmọ́ agboolé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi tí inú bá bí i ni Twi, èdè ìyá rẹ̀, máa ń ṣíwájú lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Yaseer, ṣé kí n ní kí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò, kí wọ́n gbé èyí síbẹ̀?" ó bi Sàlíhà.

"Má yọ nǹkan kan. Kọ̀rọ̀ yẹn ni kí wọ́n gbé e sí."

"Kọ̀rọ̀ kẹ̀?"

"Kọ̀rọ̀ ni mo wí. Lọ bá mi mú ẹní ńlá tó wà lórí àpò ìyẹ̀fun wá."

Yaa mú ẹní wá. Àwọn méjèèjì jọ fi bo ẹ̀rọ náà, wọ́n sì to àwọn páànù tó ti jó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé yóò rò pé pàǹtírí ni wọ́n kó jọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Lóṣù kìn-ín-ní, Lékè mú ìròyìn wá. Ọmọ Nàìjíríà ni Lékè, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adum láàárín ìlú, níbi tó ti ń tẹ ìwé, tó sì ń bá àwọn ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù. Ó ní ìjọba fẹ́ ran àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò ra ẹ̀rọ tó nílò, yóò mú ìwé ọjà rẹ̀ wá, ìjọba yóò sì san owó náà padà fún un. Wọn yóò tún fún un ní ààrò gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ààrò gáàsì yẹn ló wọ Sàlíhà lójú. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fa èéfín igi sínú, ikọ́ rẹ̀ sì ti ń dún bíi ti baba rẹ̀.

Òfin kan ló wà níbẹ̀: ohunkóhun tí ènìyàn bá rà ṣáájú ọjọ́ tí ìwé ìjọba bá jáde, kò sí nínú ètò. Wọ́n sì lè wá wo ibi iṣẹ́ nígbàkígbà. Tí wọ́n bá bá ẹ̀rọ tuntun níbẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n rólà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Alhaji Sàlàkọ́ tó ń ta ẹ̀rọ ní Súàmè, obìnrin kan láti Obuasi sì ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sàlíhà san owó rẹ̀. Alhaji kọ ìwé ọjà, ó fi àyè ọjọ́ àti àyè orúkọ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Ó ní, "Tí ìwé yín bá ti jáde, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́." Sàlíhà ní ọgbọ́n nìyẹn. Lékè náà ní ọgbọ́n ni.

Lékè tẹ bébà gbọ̀ọ̀rọ̀ kan wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ó pín in sí ojúlé-ojúlé, ó fi àwọ̀ mẹ́ta kùn ún, ó sì kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé ÀTÒJỌ ÀWỌN ÌGBÉSẸ̀ SÍ ÌDÀGBÀSÓKÈ TÓ LÁLÒPẸ́.

Sàlíhà wò ó títí. "Lékè, ọjọ́ wo ni ìwé ń jáde?"

"Ìparí oṣù kẹta, mà."

"Ṣé kò sí ibi tí o lè kọ ìyẹn nìkan sí?"

Kwaku, tó ń ṣọ́ ààrò, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lékè náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yọ bébà rẹ̀ kúrò.

Rólà àtijọ́ ni wọ́n ń lò lọ. Ó ti ju ọdún kan lọ tí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dá a dúró ti kú. Irin tó yẹ kó dí ọwọ́ níwájú rẹ̀ náà ti já dànù. Tí wọ́n bá fẹ́ kó dúró, àfi kí wọ́n lọ fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Kwaku ti so okùn mọ́ ìdí wáyà náà, ó fa orí okùn wá sí ìdí ààrò, kó lè máa fà á láti ibi tó bá wà. Yaa máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá, á na ọwọ́ gbalaja, á máa ti ìyẹ̀fun sí ẹ̀rọ lẹ́nu bí ẹni tó ń fún ajá tí kò mọ̀ rí lóúnjẹ.

Tó bá di ọ̀sán, òun náà ló máa ń jókòó sójú fèrèsé láti ta búrẹ́dì. Ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ àdúgbò. Ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí i, kò ní rí búrẹ́dì gbà.

"Ọwọ́ òsì! Ṣé èmi àti ìwọ jà ni? Padà lọ bi ìyá ẹ bóyá bó ṣe ń na ọwọ́ sí àgbà nìyẹn."

Ẹ̀rọ abẹ́ ẹní di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó ni Yaa sọ ọ́, torí pé ó bo orí. Láràárọ̀ tó bá wọlé, á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ọkọ ò tíì dé?"

"Ta ni ọkọ?" Kwaku á bèèrè.

"Ìjọba mà ni."

"Háà! Kó yáa jókòó. Irun rẹ̀ á ti funfun kó tó rí i."

Sàlíhà á ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n òun náà á rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹta parí. Lékè wá, ó fi bírò fa ìlà gba orí ojúlé kan, ó kọ "lẹ́yìn Àjíǹde" sí i. Àjíǹde kọjá. Ó kọ "ìparí oṣù kẹfà". Iléyá dé, Iléyá lọ. Ní oṣù kẹfà, ìlà tó wà lórí bébà náà ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ lọ. Gbogbo nǹkan tí Sàlíhà fẹ́ ṣe ni ọjọ́ ìjọba ń tì síwájú. Kò tún òrùlé ṣe, torí àwọn tó ń gbé ààrò gáàsì bọ̀ yóò dá a lu. Kò gba ẹnìkejì kún Yaa, torí rólà tuntun ò nílò ẹni méjì.

Lọ́jọ́ kan, rólà àtijọ́ gbá etí aṣọ Yaa mú. Kwaku tètè fa okùn. Yaa yọ aṣọ rẹ̀ jáde, ó ti ya. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó lọ bá Sàlíhà níbi tó ti ń dá ìyẹ̀fun sínú ọpọ́n.

"Maame, ẹ jẹ́ ká tú Ìyàwó. Ẹ̀rọ yìí ti ń tọ́ mi wò."

"Mo rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, Yaa."

"Ọ̀sẹ̀ méjì yín ti bímọ, ọmọ rẹ̀ sì ti bímọ."

"Kí ni kí n ṣe? Tí wọ́n bá dé lọ́la tí wọ́n bá a tó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n fi Kwaku sídìí ti àtijọ́ yẹn?"

"Kwaku? Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó tó ṣọ́bìrì? Òun ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ jẹ." Yaa mí kanlẹ̀. "Yoo, kò burú. N ó máa ṣọ́ra."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Sàlíhà. Ó wọ ọkọ̀ tírótíró lọ sí Adum, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìrànwọ́ náà. Obìnrin tí fáìlì Sàlíhà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń jẹ́ Madam Akua, ènìyàn pẹ̀lẹ́ kan tó ń fi gíláàsì ojú sórí bí ẹni dé fìlà. Twi ni wọ́n jọ sọ.

"Màmá, ó kù díẹ̀. Fáìlì yín ti dé Accra. Ẹ ṣáà má bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan kí ìwé tó jáde."

"Tí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ bá ń fẹ́ jẹ ènìyàn ńkọ́?"

Madam Akua rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí kò rí ẹ̀rín lójú Sàlíhà, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ wá. A ó fi sínú fáìlì yín."

Sàlíhà kò kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fún òun ní nǹkan kì í kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù keje, ó kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ó lọ tààrà sí kọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó páànù kúrò lórí ẹní. Ó ti kó bíi mẹ́fà sílẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Lékè ni.

"Mà, wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé! Wọ́n ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́ yín. Èmi gan-an ni wọ́n pè."

"Ajé tó ń bọ̀ yìí?"

"Ajé tó ń bọ̀ yìí, mà. Ọjọ́ mẹ́rin péré."

Sàlíhà wo páànù tó wà nílẹ̀. Ó ka ọjọ́ mẹ́rin náà lórí ìka rẹ̀, ó sì kó páànù padà sórí ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òwúrọ̀ Sátidé ni búrẹ́dì máa ń tà jù. Àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ síbi òkú ní abúlé máa ń rà á lọ́wọ́. Aago mẹ́fà ni Yaa ti wà nídìí rólà, ó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, torí òun náà ní òkú tí yóò lọ tó bá di ọ̀sán. Ó ń bá Kwaku sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó kú náà, pé ahun ni, pé kò ra búrẹ́dì rí láìtọrọ èènì. Ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ fa ìyẹ̀fun, ó fa ọwọ́ tẹ̀lé e.

Ó pariwo ní Twi. Kwaku fa okùn, okùn já. Ó fò kọjá ọpọ́n, ó fò kọjá àpò ìyẹ̀fun, ó fa wáyà yọ lára ògiri. Kò tó bí ẹni ka ení dé ẹ̀wá. Sàlíhà sáré wọlé láti ojú fèrèsé pẹ̀lú ṣéńjì oníbàárà lọ́wọ́. Wọ́n fi ọwọ́ yí irin náà padà sẹ́yìn. Ìyẹ̀fun tó jáde ní òdì kejì ti pupa.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ tí àwọn lè rán. Sàlíhà jókòó tì í títí ó fi lajú.

"Ṣé ẹ ti tú Ìyàwó?" ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu Yaa jáde nìyẹn.

"N ó tú u lónìí. Tí mo bá délé báyìí, n ó tú u. Wọn ìbáà wá, wọn ìbáà má wá."

"Daabi." Yaa mi orí. "Ẹ má tú u. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀. Ṣé kí ìka mi lọ, kí ààrò náà tún lọ? Kí wá ni a fi ìka ọ̀hún rà?"

Ohun tó burú jù ni pé ara tu Sàlíhà nígbà tí Yaa sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ara tu òun, kò sì lè wo ojú Yaa mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, wọn kò wá. Kwaku ní òun kò ní fọwọ́ kan rólà àtijọ́ yẹn mọ́, kódà kí wọ́n fi wúrà sí i lẹ́nu. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, ìdajì búrẹ́dì tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni Madam Akua tó dé, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

Yaa wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀ tó fi dà bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i. Ó ní òun kò lè jókòó sílé kí àwọn àlejò tí òun fi ìka dúró dè wá kí wọ́n lọ lẹ́yìn òun.

Madam Akua yí rólà àtijọ́ ká. Ó tẹ bọ́tìnì tó ti kú. Ó wo okùn tó já. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ Yaa.

"Ẹ̀rọ yìí ni?"

"Òun ni, Madam."

"Ei, Awurade." Ó bo ẹnu. Ojú rẹ̀ kún fún àánú, òdodo ni. Lẹ́yìn náà ó fa gíláàsì wá sójú, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí yóò ran fáìlì yín lọ́wọ́ gan-an. Àwọn ti Accra á rí i pé ẹ nílò ẹ̀rọ lóòótọ́." Ọkùnrin oníkámẹ́rà ní kí Yaa gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Yaa gbé e sókè.

"Kí ló wà lábẹ́ ẹní yẹn?"

Kwaku bẹ̀rẹ̀ sí í ko iná tí kò sí nínú ààrò.

"Àgbá tó ti jò ni, Madam," Yaa ní. "Ìdọ̀tí ibẹ̀ pọ̀, ẹ má bàa ba aṣọ jẹ́."

"Ẹ kò tíì ra nǹkan kan fún iṣẹ́ yìí? Ẹ kò tíì ná nǹkan kan?"

"A ò tíì ná nǹkan kan," ni Yaa wí.

Madam Akua fi àmì sí i.

Ìwé jáde lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ. Lékè gbé e wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìgò mọ́ọ̀tì mẹ́rin nínú láílọ́ọ̀nù. Ó ń kọrin bọ̀ láti ojú títì. Ó fa bébà orí ògiri ya, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

"Mà, ìwé ọjà Alhaji dà? Ká fi ọjọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Kò sún mọ́ jù, kò jìnnà jù. Orúkọ yín á wá wọ àyè tòkè. N ó gbé e lọ lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n á sì wá gbé ààrò gáàsì lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún."

Sàlíhà mú ìwé náà wá láti inú Kùránì tó fi í pamọ́ sí. Ó gba bírò lọ́wọ́ Lékè, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Yaa àti Kwaku ń kó páànù kúrò lórí ẹní nígbà náà. Kwaku ń kọrin ìyàwó ní Twi. Yaa ń fi ọwọ́ òsì gbé páànù.

Sàlíhà kò lọ sílé ẹ̀kọ́ púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkọ láti ara àpò ìyẹ̀fun àti páálí súgà. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí, Lékè tẹ orí sílẹ̀ kà á.

"Mà! Kí lẹ kọ yìí? Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì kẹ̀? Orúkọ ta tún nìyí?"

"Ọjọ́ tí mo rà á nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ rà á ni! Ẹ ti ba ìwé yìí jẹ́, mà. Ààrò ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sáré bá Alhaji kó kọ òmíràn."

"Tí o bá lọ bá Alhaji, má padà wá síbí mọ́. Oṣù márùn-ún ààbọ̀ ni mo fi bo ẹ̀rọ yẹn. N kò lè bo ọjọ́ tí mo rà á mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, gbogbo ìsapá wa..."

"Lékè, mu mọ́ọ̀tì ẹ."

Ó dìde, ó mú ìwé náà lọ bá Yaa. Ẹ̀rọ náà ti wà níta gbangba báyìí, ó ń dán, irin tó ń dí ọwọ́ wà níwájú rẹ̀, bọ́tìnì pupa rẹ̀ tóbi tó ìdérí kọ́ọ̀bù.

"Yaa, ìwọ ló ni ẹ̀rọ yìí. Orúkọ ẹ ni mo kọ síbẹ̀. Tí a bá ń lò ó, èmi ni yóò máa san owó ìlò rẹ̀ fún ọ."

Yaa wo ẹ̀rọ, ó wo Sàlíhà. Ó sọ̀rọ̀ ní Twi. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó ní kó tún un sọ, ṣùgbọ́n ó tún un sọ ní Yorùbá.

"Ọwọ́ wo ni n ó fi lò ó?"

Sàlíhà ṣì na ìwé náà sí i.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Yaa fi gbà á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré, bí òun náà ṣe kọ́ gbogbo ọmọ Krofrom. Ìwé náà yọ̀ gba ibi tí ìka méjì náà ti wà tẹ́lẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì mú un.

"Ẹ má bínú, Maame," ó ní. "Ọwọ́ òsì ni."